Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Birmingham ò ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá wọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ó ti tó oṣù kan tó ti ń da ọkàn mi rú tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, kú sí Birmingham ní ìparí ọdún tó kọjá. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún, ó ti gba pásípọ́ọ̀tù wọn, ọmọ ilẹ̀ Pólàndì ni ìyàwó ẹ̀, kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní Birmingham níbẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ méjì, obìnrin ọmọ ọdún 17 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 12. Kó tó rìnrìn àjò, ó ti bí ọmọkùnrin kan sílẹ̀ síbí, ọwọ́ mi lọmọ yẹn dàgbà sí, ó ti pé ọdún 27 báyìí.

Kò kọ ìwé ìhágún kankan. Ohun tó ní síbí ni plọ́ọ̀tì méjì ní Àkóbọ̀ tó fi owó ara ẹ̀ rà, ó ti kọ́lé dé líńtẹ́ẹ̀lì lórí ọ̀kan, igbó ṣì ni ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpín tiwa nínú ilẹ̀ ẹbí lọ́nà Mọ́níyà, oko bàbá bàbá wa ni.

Nígbà tá a ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán, àbúrò bàbá wa pè wá jókòó. Wọ́n ní òyìnbó làwọn ọmọ yẹn, wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò mọ ojú oórì bàbá ńlá wọn, òkú bàbá wọn gan-an ò wálé, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, torí náà kí gbogbo ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n tún ní orúkọ àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi kọ sí next of kin ní bánkì, pé ìyẹn ti parí ẹjọ́. Wọ́n wá mú ìwé kan jáde pé kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo ní mi ò mú awò ojú mi dání. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí WhatsApp, ọmọbìnrin yẹn gba fóònù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó bi mí pé ilé tí dádì máa ń fi fọ́tò ẹ̀ han àwọn yẹn, ṣé tàwọn ṣì ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ nǹkan kan níbí kó wí.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìyá Táyé, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ, ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn, ì báà jẹ́ ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè é, ì báà jẹ́ iwájú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti na báírò sí yín. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba ìwé ogún ní kóòtù gíga ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti rí ìwé ẹlẹ́rìí tó wá di ìwé a-ti-yọ̀ǹda.

Ọ̀rọ̀ pé òyìnbó làwọn ọmọ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin rárá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, ní ẹni tí wọ́n bí sí òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí lòun náà. Kì í ṣe ohun tó máa lọ tọrọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá ní ẹ̀gbọ́n yín ti di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó bí wọn ńkọ́, abala 28 ti dáhùn ìyẹn, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí kì í pàdánù ẹ̀ torí pé ó gba ti ìlú míì kún un. Abala 43 ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá kó tó ní in. Abala 42 tún wà níbẹ̀ tó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan torí bí wọ́n ṣe bí i, ìyẹn sì kan ọmọ ọdún 27 tó wà lọ́dọ̀ yín náà. Bàbá ẹ̀ gbà pé ọmọ òun ni, àbí? Ó ń ránṣẹ́ owó sí i, ó ń pè é lọ́mọ. Kóòtù ti sọ ọ́ látọdún 1955 nínú ẹjọ́ Alákẹ́ àti Pratt pé ọmọ tí bàbá bá ti gbà lọ́mọ, ọmọ ni.

Ti next of kin yẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹni tí bánkì máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni next of kin, kò sọ ọ́ di ajogún. Àwọn èèyàn ti fi ọ̀rọ̀ yìí gba nǹkan lọ́wọ́ opó púpọ̀ nílùú yìí, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ibi tó ṣòro díẹ̀ nìyí. Ẹ má pa ilẹ̀ méjèèjì yẹn pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jogún wọn ò dọ́gba. Ti Àkóbọ̀, ẹ̀gbọ́n yín ló fi owó ara ẹ̀ rà á, ó lè há a fún ẹni tó wù ú tó bá wà láàyè. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí olówó ẹ̀ bá ti ṣègbéyàwó ọlọ́kọ-kan-aláya-kan, òfin ìṣàkóso ogún tí wọ́n ti ń lò láti ayé Western Region ní kì í ṣe àṣà ìbílẹ̀ la máa fi pín in, ìyàwó àti àwọn ọmọ ló wà fún. Àbúrò bàbá ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ja irú ìjà yìí. Ní 1898 ní Èkó, ọkùnrin kan tó ṣègbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró kó tó padà wálé kú láì kọ ìwé ìhágún, ọmọ ìyá ẹ̀ jáde pé àṣà ìbílẹ̀ ló gbé ogún fún òun, ìyàwó àti ọmọ ní rárá. Kóòtù dá ìyàwó àti ọmọ láre. Cole àti Cole ni wọ́n ń pe ẹjọ́ yẹn, àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i dòní. Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó tiwọn náà, ẹ wò ó bó ṣe jọ.

Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí ìyàwó ẹ̀ máa wá jáde ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yẹn.

Ọmọ Mọ́gàjí

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Mọ́níyà, torí ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí. Ìyá Táyé, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín nìkan nígbà tó wà láàyè, kò sì lè jẹ́ ti ìyàwó ẹ̀ nísìnyí tó kú. Ìyàwó kì í ṣe ọmọ ẹbí nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ì báà jẹ́ ọmọ Pólàndì. Ẹ má jẹ́ kó rò pé torí àwọ̀ ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀? Ọmọ ẹbí ni wọ́n látinú oyún. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọni di ọmọ ilé, kì í ṣe èdè. Àwọn tó wà ní Bàhíà tí bàbá ńlá wọn ti kúrò nílẹ̀ yìí láti ayé ẹrú, tí wọ́n bá wá rí agbo ilé wọn lónìí, ta ló máa lé wọn?

Àbúrò bàbá yín ò lè dá pinnu. Bóyá àwọn gan-an ni olórí ẹbí, mi ò mọ̀. Tí wọn kì í bá ṣe olórí ẹbí, tí wọ́n bá tà á, títà yẹn ò tilẹ̀ dúró. Tí wọ́n bá sì jẹ́ olórí ẹbí, tí wọ́n tà á láì fi ti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan ṣe, ẹbí lè lọ kóòtù kí wọ́n fagi lé e, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tètè lọ, ẹ ò lè jókòó wò ó títí ẹni tó rà á á fi kọ́lé tán. Ní tiwa ní 2011, a rò pé ẹnu lásán ni, kó tó di pé a jí, wọ́n ti da yanrìn síbẹ̀. Ọdún méje la fi lọ kóòtù.

Tí ẹbí bá fẹ́ pín ilẹ̀ yẹn, ọ̀nà méjì la mọ̀, ìdí igi àti orí ò jorí. Ìdí igi, iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìpín. Orí ò jorí, iye ọmọ ni. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ló dé Lọ́ńdọ̀nù, Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1962. Bàbá náà ní ìyàwó 4, ọmọ 9. Wọ́n ní ìdí igi ni àṣà wa, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́, orí ò jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ọmọ obìnrin náà ní tiẹ̀ bíi ti ọkùnrin, Yorùbá kì í yọ obìnrin sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ọmọ ọdún 17 yẹn ṣeré.

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Àbúrò bàbá wa kọ́ ni olórí ẹbí o, Mọ́gàjí wa wà láyé, ó ti dàgbà, kò lè jáde mọ́ ni.

Ìbéèrè méjì ló kù lọ́kàn mi. Tó bá jẹ́ ìdí igi, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi á mú ìdajì, àwọn méjì tó kù á pín ìdajì, ṣé bó ṣe máa rí ní Àkóbọ̀ náà nìyẹn? Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí bá ara wọn jà, wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí àfi lórí fóònù. Ìkejì, ìyàwó ẹ̀ ò kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, mo gbọ́ pé àjèjì ò lè ní ilẹ̀ níbí.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ti Àkóbọ̀, rárá, ìdí igi ò dé ibẹ̀ mọ́ torí ìgbéyàwó yẹn. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹ́ ọmọ ẹ̀ ni, wọ́n á pín tiwọn dọ́gba, ìyá àwọn méjì tó wà lọ́hùn-ún á ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lè rí lọ́yà tó máa fẹ́ jà pé ọmọ tí wọ́n bí kí bàbá tó ṣègbéyàwó ò sí níbẹ̀. Ẹ má gbà, abala 42 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ló wúlò fún un.

Ti àjèjì, òótọ́ lẹ gbọ́. Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, àjèjì sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba kó tó lè dúró lórí ilẹ̀. Ní 2017 Supreme Court dá ẹjọ́ ará Jámánì kan, Huebner, wọ́n ní àjèjì ò lè béèrè ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Ìyẹn ò ní kó má jẹ nǹkan kan nínú ogún ọkọ ẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di ìwé ogún mú lè ta ìpín tiẹ̀ kẹ́ ẹ fún un lówó, tàbí kó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Ẹnì kan wà lórí pátákó yìí tó mọ ọ̀nà kẹta, kó wá sọ ọ́.

Àdùkẹ́ Ọmọ Gánà

Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ Kumasi ni mí, Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ ọkọ sí, ó ti pé ọdún 19, ẹnu yín ni mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín pé kó má sunkún. Abala 26 nínú ìwé òfin yín ní obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, *tàbí tó ti fẹ́ ẹ rí*, lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tó ti fẹ́ ẹ rí. Opó wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé wọ́n máa ní kí n kọ ti Gánà sílẹ̀, àmọ́ abala 28, ohun tó kọ̀ ni kó o di ti ìlú kẹta tí kì í ṣe ti ìbí ẹ mú. Ti ìbí ò ní kó o ju ẹ́ nù. Ọmọ Pólàndì nípa ìbí ni tiẹ̀, tí kò bá tíì gba ti Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó rọrùn fún un. Tó bá ti gbà á, kó bi lọ́yà kó tó kọ fọ́ọ̀mù.

Ibi tó ká mi lára ni ti ọkùnrin. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ará Kẹ́ńyà lọkọ ẹ̀. Kò sí abala 26 fún ọkọ. Àfi kó lọ gba ọ̀nà abala 27, ọdún 15 ló gbọ́dọ̀ fi gbé nílẹ̀ yìí kó tó lè béèrè. Wọ́n kọ́lé sí Ṣágámù, orúkọ obìnrin nìkan ni wọ́n fi sí i torí ẹ̀. Bóun bá ṣáájú kú, ta ni ọkọ yẹn máa lọ bá? Mo ní kí wọ́n lọ kọ ìwé ìhágún lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n sì ti kọ ọ́. Ilé wọn ni, owó àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń ralẹ̀ ní Accra náà, ẹ gbọ́ o, ìwé òfin Gánà ti 1992 ò jẹ́ kí àjèjì rà ju ọdún 50 lọ. Ẹni tó bá ní òun tà á fún yín títí ayé, irọ́ ló ń pa.

Bàbá Peckham

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ohun tí mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: orúkọ ta ló wà lórí résíìtì Àkóbọ̀ yẹn? Ẹ lọ wò ó lónìí. Mo ní kẹ́ ẹ lọ wò ó torí ohun tójú tèmi rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fowó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sí ìbátan mi kan pé kó bá mi ralẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mo ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, ìgbà tí mo délé tí mo ní kó mú ìwé wá, ó gbé fáìlì kan jáde nínú wọ́dúróòbù, ó rọra ń tú u bí ẹni tó ń wá nǹkan, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí résíìtì ẹbí, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí survey. Ó ní nítorí pé mi ò sí nílé ni. Ohun tó gbà mí ni pé mo tọ́jú gbogbo ìwé tí mo fi ránṣẹ́ owó, ìwé kékeré tí Western Union máa ń fúnni yẹn, inú páálí bàtà ni mo kó wọn sí. Lọ́yà mi ní ẹni tó sanwó ilẹ̀ ló nilẹ̀, tó bá lè fi hàn pé òun ló sanwó, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ kàn ń dì í mú fún un ni. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ó yanjú. Kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín wá inú í-mèèlì ọkọ ẹ̀ àti inú bánkì ẹ̀ dáadáa, kó má tíì pa fóònù ẹ̀ rẹ́.

Ohun mìíràn. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ti fún ẹnikẹ́ni ní power of attorney, ìwé àṣẹ láti ṣojú ẹni, nígbà tó wà láàyè, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọjọ́ tó kú ló kú, àfi èyí tó bá jẹ́ pé owó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé a ò lè gbà á padà. Àwọn kan á máa fi power of attorney òkú ta ilẹ̀ kiri. Ìyàwó ẹ̀ ló lè ṣe tuntun fún yín báyìí, fún ìpín tiẹ̀, iwájú notary public ni kó ti fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú yàrá ìdáná kó wá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì lè fún ẹnikẹ́ni, wọn ò tíì pé 18.

Kí wọ́n sì lọ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láìsí i, àmọ́ ẹnu ìloro kóòtù àti ti ọ́fíìsì ilẹ̀, ìwé ni wọ́n máa bi yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Kí n fi kún ti Bàbá Peckham. Ẹni tó bá ti gba ìwé ogún ní kóòtù Gẹ̀ẹ́sì lè mú un wá sí kóòtù gíga níbí kí wọ́n tún lu òǹtẹ̀ sí i, torí Commonwealth. Tiwa ní Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀, a ní láti bẹ̀rẹ̀ tuntun nílé. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òfin ibi tí ilẹ̀ wà ló ń ṣèdájọ́ ẹ̀, ibi yòówù kí ẹni náà kú sí.

Alhaji Ìṣẹ́yìn

Ìbéèrè kékeré, ṣé Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n yín? Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyàwó kì í sì ṣe Mùsùlùmí, tí ẹbí bá fẹ́ pín in nílànà Ìsìláàmù, kò sí ìpín fún un níbẹ̀ nínú ogún, ìhágún nìkan ló lè fi ṣe é lóore, kò sì ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn tó ṣì wà láàyè níbí tí wọ́n fẹ́ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹnu yín máa pa dé.

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Rárá Alhaji, onígbàgbọ́ ni. Ẹ ṣeun.

Mo ti rí ìwé náà. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ló wà, nínú báàgì Ghana-must-go, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì wọn, nínú nàìlọ́nì dúdú tí wọ́n so ní kókó mẹ́ta. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí résíìtì, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí survey. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ni kò sí.

Awọnlẹ̀

Ìyá Táyé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó ìwé yẹn, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ máa mú rìn. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa wò. Lórí survey yẹn, ní igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké. Ẹ lọ sí Àkóbọ̀, ẹ wá òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Tí iyanrìn bá bò ó, ẹ fi àdá rọra ha á. Ẹni tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ gbé, òpó yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wú, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kó tó yá wọn. Kẹ́ ẹ sì mú survey náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì Agodi, kí wọ́n bá yín wò ó lórí máàpù wọn bóyá ilẹ̀ yẹn ò bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Inú mi ò ní dùn kẹ́ ẹ jà tán kẹ́ ẹ wá gbọ́ pé ti ìjọba ni.

Ti Mọ́níyà ò ní ní òpó, oko àtijọ́ ni. Pèrègún lẹ máa wá. Àwọn bàbá wa kì í fi pèrègún ṣeré, tẹ́ ẹ bá rí i tó tò láti ibi kan dé ibi kejì, ààlà nìyẹn. Ẹ mú àgbà kan dání tó mọ orúkọ ẹni tó ń dáko lódì kejì.

Ọmọ Kétu

Ẹ jẹ́ kí àwa tá a wà lódì kejì ààlà náà dá sí i. Kétu ni bàbá mi, Ìmẹ̀kọ ni ìyá mi, ìdílé kan ni wá kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fa ìlà sáàárín ní 1889. A nílẹ̀ lódì méjèèjì. Ní Ìmẹ̀kọ, ohun tí Ọmọ Mọ́gàjí sọ ló ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, òfin ìdílé ti 2004 ní àṣà ìbílẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú ogún, ọkùnrin àti obìnrin ń gbà á dọ́gba, ìyàwó náà ní ìpín nínú ogún ọkọ ẹ̀. Àmọ́ òfin ilẹ̀ ti 2013 fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè Benin nìkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan, tí wọ́n ń dáko ní Kétu láti ayé bàbá wọn, wọn ò lè gba ìwé ilẹ̀ sórúkọ ara wọn. Orúkọ mi la fi gbà á. Mo búra fún wọn níwájú ìyá wa, a sì kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Ìmẹ̀kọ, torí mi ò mọ ohun tí àwọn ọmọ mi máa sọ lẹ́yìn mi. Ẹni tí ẹbí ẹ̀ bá wà ní Pobè, ní Sakété, ní Ìfọ̀nyìn, kó tètè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìyá Táyé, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kó tó di ọjọ́ Àìkú nìyí. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìwé ogún ní kóòtù gíga, kẹ́ ẹ fi caveat sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀ ń sọ fún wọn pé tí ẹnikẹ́ni bá wá gba ìwé lórí ogún ẹ̀gbọ́n yín, kí wọ́n pè yín kí wọ́n tó ṣe é. Oṣù 3 ló máa ń lò, tó bá fẹ́ parí ẹ tún un ṣe. Ọmọ ọdún 27 yẹn ni kó fọwọ́ sí i, ọmọ ló jẹ́, ọwọ́ tiẹ̀ le ju tiyín lọ.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún òkú. Torí pé ọmọ tí kò tíì pé 18 wà nínú ẹ̀, èèyàn méjì ló kéré jù, wọn ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ. Tó bá jẹ́ èmi, mo máa fi ọmọ yẹn àti ẹ̀yin síbẹ̀, kí ìyàwó kọ lẹ́tà pé òun fara mọ́ ọn. Ìwé ikú láti Birmingham, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kó o jọ. Wọ́n máa gbé e sínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde. Ẹ jẹ́ kó jáde níbẹ̀, níwájú adájọ́, kì í ṣe ní pálọ̀ yín.

Ẹ má fi Mọ́níyà sínú ẹ̀ o. Ilẹ̀ ẹbí ni.

Ọmọ Mọ́gàjí

Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Mọ́gàjí yín, pẹ̀lú ọmọ yẹn. Wọn ì báà dàgbà bí wọ́n ṣe fẹ́ dàgbà. Àwọn ni olórí ẹbí, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú, ìwé tí ẹlòmíì mú wá ò ní lágbára. Ẹ má bá àbúrò bàbá yín pariwo. Àgbà ni wọ́n, ẹbí kan náà lẹ ṣì máa jẹ́ lẹ́yìn ìjà.

Ìyá Táyé, Ìbàdàn

Mo padà wá jábọ̀. A lọ fi caveat sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ọmọ mi ló fọwọ́ sí i, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ẹtì a lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí. Wọn ò lè jókòó pẹ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n ní kí n ka orúkọ àwọn ọmọ náà. Mo ka tòyìnbó, wọ́n ní àwọn ò béèrè ìyẹn, oríkì wọn ńkọ́. Mo ní Àṣàkẹ́ ni bàbá ẹ̀ ń pe obìnrin, Àjàní ni ọkùnrin. Wọ́n ní ó ti tó, ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá wa níṣojú wa. Àbúrò bàbá wa wá. Inú wọn ò dùn, àmọ́ wọ́n mú ìwé yẹn padà sínú àpò, wọn ò sì tún dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn bi mí ní nǹkan kan, ta ló máa sin àwọn táwọn náà bá kú. Mo ní ọmọ yìí ni.

Òpó mẹ́rin la rí ní Àkóbọ̀, ọ̀kan ti ṣẹ́, awọnlẹ̀ tó bá wa lọ ní òun á tún un rì. Mo gbé fóònù sókè kí Àṣàkẹ́ lè rí i. Ó ní kí n sún mọ́ ibi tí dádì kọ nọ́ńbà sí lára ògiri pẹ̀lú èédú, 14 ni, iye àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ tí bíríkìlà béèrè. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé òun máa pé 18 lóṣù Òwàrà, ṣé òun náà lè wà lórí ìwé yẹn nígbà náà. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé ṣe? Ìyá ẹ̀ ti fi ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́, wọ́n ní ó máa dé lọ́jọ́rú.